Sí Bàbá Mi Ọdẹ, Lórí Ọ̀rọ̀ Ọta Ẹfọ̀n àti Ojú Yín

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún mi méjèèjì kan ilẹ̀. Màmá mi, ẹ kú ojú lọ́nà mi, ẹ kú àdúrà. Bùrọ̀dá Wálé, ẹ̀yin tí ẹ ó ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí, ẹ kú wàhálà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má fo ibì kankan, kódà ibi tí mo bá ti dárúkọ yín. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Mo kí gbogbo ọdẹ ìlú wa tó ṣì ń wá jókòó sí abẹ́ igi ìyeyè iwájú ilé wa nírọ̀lẹ́. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkàn mi nìkan ni n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Mo fi lẹ́tà yìí síta gbangba nítorí pé ohun tó dè mí mọ́lẹ̀ níbí kì í ṣe tèmi nìkan. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà ní Dubai àti Sharjah tí àwọn ará ilé rò pé ìgbádùn ló mú wọn gbàgbé ilé. Wọn kò gbàgbé. Ilẹ̀kùn ni kò ṣí. Nígbà tí n kò wálé bí mo ṣe ṣèlérí, ọ̀rọ̀ tí Bùrọ̀dá Wálé sọ fún mi lórí fóònù dùn mí dé egungun. Ó ní kí n má fi iṣẹ́ òyìnbó gba ara mi lọ́wọ́ àwọn tó bí mi. N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi nìyí.

Ẹ mọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ mi, ẹ kò mọ̀ ọ́n tán. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ wà ní Sharjah, ìbọn ọdẹ àti ohun èlò ìpàgọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Satwa ni mo ń gbé ní Dubai, nínú bedspace, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì, tí àwa obìnrin mélòó kan pín, lókè ibi tí àwọn télọ̀ ti ń ránṣọ. Láàárọ̀ mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sharjah. Àwọn mọ́tò tó ń ti ọ̀hún bọ̀ wá sí Dubai á tò gbọọrọ, wọn kò ní lè mira, tèmi á sì máa sáré lọ ní tirẹ̀. Rísìkátù, ọmọ Ìsẹ́yìn tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè tèmi, tó ń ṣe síkiọ́rítì ní Dubai Marina, máa ń sọ pé èmi nìkan ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò rí mú. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú mi kò sí lójú títì.

Ooru ibí kì í ṣe irú tiwa, Bàbá. Tiwa a máa jẹ èèyàn níyà, lẹ́yìn náà á fún un ní òjò. Èyí kì í fún èèyàn ní nǹkan kan. Èèyàn á jáde láti inú ẹ̀rọ amúlétutù, afẹ́fẹ́ á gbá a lójú bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò lórí iná, á sáré wọ inú ẹ̀rọ amúlétutù mìíràn. Láti ibi tútù dé ibi tútù, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ṣe ń lọ. Mo lè wà níta níwọ̀nba ìgbà tí mo fi ń dúró de bọ́ọ̀sì nìkan.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, yàrá kan wà tí kò ní fèrèsé. Ibẹ̀ la ń kó ọta sí. Ilẹ̀kùn irin ni, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì wà nínú ìwé àṣẹ ìjọba nìkan ló lè ṣí i. Tí ẹni yẹn kò bá sí níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ ta ọta kankan. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ mi wò tán tí wọ́n sì fi orúkọ mi sí ìwé náà, mo pè yín, inú yín dùn gan-an. Ẹ ní ọmọ ọdẹ ti di ẹni tó ń ṣọ́ ọta fún àwọn Lárúbáwá. Ẹ pa àkùkọ, ẹ pe àwọn ọdẹ jọ. Inú tèmi náà dùn. N kò mọ̀ pé okùn ni mo ń bá wọn so mọ́ ara mi lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí mo fi fóònù pè yín láti ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ sọ. Ìdajì rẹ̀ lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdajì tó kù.

Bàbá arúgbó tó bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ onílẹ̀ ni. Abú Sálìm la ń pè é, ìyẹn ni pé Bàbá Sálìm. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ń ṣọdẹ nínú aṣálẹ̀, ẹyẹ àṣá ni wọ́n sì fi ń ṣe é níbẹ̀. Wọ́n á tú àṣá sílẹ̀, àṣá á lọ mú ẹyẹ mìíràn wá. Kò wọ igbó kan rí tí ewé rẹ̀ ga ju orúnkún lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ní kí àwọn jọ lọ pa ẹfọ̀n ní ìhà àríwá Kamẹrúùnù, ó sì gbà. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú Sálìm ọmọ rẹ̀ láti ra ìbọn. Irú ìbọn kan pàtó ló fẹ́, irú èyí tó rí lọ́wọ́ àwọn darandaran ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú fíìmù nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìbọn náà, nítorí ẹ ti ń béèrè. Wọ́n máa ń pè é ní lífà. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń di ìbọn mú. Ẹni tó bá yìn ín tán á na irin náà sísàlẹ̀, á fà á padà sókè, èèpo ọta tó ti jó á fò jáde, ọta tuntun á wọlé. Kò sí pé à ń rọ ẹ̀tù, kò sí pé à ń ki nǹkan bọ ẹnu ìbọn. Ọ̀pá kejì wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, inú rẹ̀ ni àwọn ọta tò sí, orí èyí ń kan ìdí èyí. Nítorí náà, ọta rẹ̀ kì í ní ẹnu ṣóńṣó. Tí orí rẹ̀ bá mú bí abẹ́rẹ́, ó lè gún ìdí èyí tó wà níwájú rẹ̀ kí ó sì bú gbàù nínú ìbọn. Orí rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń sanra.

Ọta tó wà fún irú ìbọn yìí pọ̀. Mẹ́ta ni a gbé síwájú wọn. Èkínní ń jẹ́ 444. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ó ń yára, ó dára fún àgbọ̀nrín àti ìmàdò. Èkejì ń jẹ́ 45-70, ó ti pẹ́ láyé ju ẹ̀yin lọ, ó sanra tó àtàǹpàkò, kì í yára, ṣùgbọ́n ó wúwo, tí a bá sì ra èyí tí wọ́n fi òjé líle ṣe, á wọlé jìnnà kó tó dúró. Ẹ̀kẹta ń jẹ́ 500, òun ló tóbi jù nínú wọn. Ìyẹn ni Sálìm gbé mọ́ra lójú ẹsẹ̀. Ó ní ẹfọ̀n kì í ṣe ẹran kékeré, pé òun kò lè jẹ́ kí bàbá òun lọ pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ọta tó kéré. Ọ̀gá wa gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n gbé páálí ọta jáde, kí n sì gbé e padà.

Ọ̀gá ní kí n bá wọn gbé ọta lọ sí pápá ìdánrawò ní Sharjah níbẹ̀, torí orúkọ mi ló wà lórí ìwé. Abú Sálìm kọ́kọ́ yin 45-70. Ó ta á léjìká, ṣùgbọ́n ihò mẹ́ta tó lù lára pátákó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó wá gbé 500. Ìdúró rẹ̀ yàtọ̀. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí ojú rẹ̀ kedere: kó tó fa ìbọn, ó ti di ojú. Ìbọn náà dún, ó gbá a sẹ́yìn, ọta lọ sínú iyanrìn. Ó yin òmíràn, bákan náà ló rí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i léjìká rí, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ nígbà tó yá. Sálìm ní ara bàbá òun á mọ́ ọn lọ́la. Bàbá náà kàn ń fi ọwọ́ pa èjìká rẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé àgbàlagbà yìí ń bẹ̀rù, ojú ọmọ rẹ̀ ni kò sì jẹ́ kí ó sọ ọ́.

Nínú mọ́tò bí a ṣe ń padà bọ̀, ó béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà. Ó béèrè iṣẹ́ bàbá mi. Mo ní ọdẹ ni. Ó yíjú padà sí mi láti àga iwájú, ó ní ọdẹ kí ni. Mo ní ohun tó bá wà nínú igbó, títí kan ẹfọ̀n. Ó ní ká dúró, ká pè yín. Sálìm ní ká dé ṣọ́ọ̀bù ná. Bí a ṣe dé ibẹ̀ ni mo pè yín nìyẹn, tí mo gbé fóònù sórí gíláàsì tábìlì ìtajà kí gbogbo wọn lè máa gbọ́ ohùn yín.

Ẹ rántí pé ẹ kọ́kọ́ kí i bí ọdẹ ṣe ń kí ọdẹ, ẹ béèrè ilé, ẹ béèrè ọmọ, ẹ béèrè bóyá igbó ń fún un ní nǹkan. Abú Sálìm náà ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ̀yin ń sọ Yorùbá, èmi ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Sálìm ń sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ ní Lárúbáwá. Mo ṣàlàyé ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yín. Mo rò pé ẹ ó mú ọ̀kan. Ìbéèrè lẹ fi dáhùn.

"Tó bá ń yìnbọn, ṣé ojú rẹ̀ ń là sílẹ̀?"

N kò lè túmọ̀ ìyẹn lójú ẹsẹ̀. Tí mo bá túmọ̀ rẹ̀, mo ti dójú ti bàbá náà níwájú ọmọ rẹ̀. Mo wo Abú Sálìm. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, ó sì mọ̀ pé ìbéèrè náà kò rọrùn. Ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Sálìm kò bá mi sọ ọ́ ní Lárúbáwá, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó ní rárá, pé pẹ̀lú èyí tó tóbi jù, ojú òun kì í là.

Ìgbà yẹn lẹ wá sọ ìtàn Bùrọ̀dá Láoyè. Màmá, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́ lẹ́tà yìí. Àbúrò yín ni. Bàbá ní òun ti sọ fún yín lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin náà sì ní kí n má fi pamọ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Bàbá, ẹ ní ẹ̀yin àti Láoyè lẹ jọ lọ. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn ni, wọ́n ti dáná sun igbó, ewé tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Láoyè ló kọ́kọ́ yìnbọn lu ẹfọ̀n náà, ọta bà á ní ikùn, ó sì wọ inú koríko gíga kan tí iná kò jó. Ẹ ní kí ẹ dúró. Láoyè ní oòrùn ti ń lọ, pé tí ilẹ̀ bá ṣú, ìkookò ló máa jẹ ẹ́. Ẹ bá tọpa ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ẹfọ̀n náà ti yí po, ó ti padà wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ipa tí òun fúnra rẹ̀ fi lọ, ó ń retí yín. Láoyè ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ yin ṣakabùlà yín lù ú ní àyà, ẹ rí ibi tí eruku ti bù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

"Ọta mi wọlé, kò débẹ̀."

N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí, Bàbá. Ohun tí a mọ̀ ní kékeré ni pé igbó ló gba Bùrọ̀dá Láoyè, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjèjì kan ló wá béèrè ọ̀rọ̀ ọta, ẹ bá sọ fún un ohun tí ẹ kò lè sọ fún àwa ọmọ. Mo gbọ́ ikú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú kan náà. Mo gbọ́ ọ ní Yorùbá, mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo tún gbọ́ ọ ní Lárúbáwá. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹkún ni. Mo fẹ́ sọ ohun tí ọmọ ń sọ fún bàbá rẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjì dúró níwájú mi, ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn wọn, gbogbo wọn ń wò mí lẹ́nu, wọ́n ń retí kí n túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn pẹ̀lú.

Abú Sálìm ló gbà mí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Gbogbo wa dúró bẹ́ẹ̀ títí ohùn yín fi padà.

Ẹ ní ẹ kò ní parọ́ fún un, ọta tó wúwo dára; ká ní ẹ ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, bóyá Láoyè wà láyé. Ẹ ní ṣùgbọ́n ìbọn tí èèyàn bá ń di ojú yìn, òfìfo ni. Kí ó mú èyí tó wúwo jù lọ nínú àwọn tó lè yìn lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra láìṣẹ́jú. Kí ó má yìn ín tí koríko bá bo apá ẹran. Tí ẹran bá sì gbọgbẹ́ wọ ibi tó dí, kí wọ́n dúró. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹ obì tí wọ́n bá ní, kí wọ́n jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀. Abú Sálìm béèrè ohun tó ń jẹ́ obì. Mo ní ó dà bí kọfí tí èèyàn ń fi eyín rún. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Ó ra 45-70, oní òjé líle. Sálìm ra 500 fún ara rẹ̀.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ ló kù yìí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Abú Sálìm béèrè ìgbà tí mo fojú kàn yín kẹ́yìn. Mo sọ fún un. Mo tún sọ fún un pé ojú yín ń lọ, pé awọ funfun ti ń bo ẹyin ojú yín méjèèjì, pé dókítà ní wọ́n lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀, ẹ ní ẹ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin kan ojú yín títí ẹ ó fi fi ìwọ̀nba tó kù wo ojú mi, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí irin máa ṣe. Ó wá pe ọ̀gá mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀gá ní kí n máa palẹ̀ mọ́, pé ní àkókò tí Abú Sálìm bá wà ní Kamẹrúùnù, èmi náà á wà nílé, àti pé bàbá náà ló máa san owó ọkọ̀ òfuurufú mi.

Ọjọ́ yẹn ni mo ṣèlérí fún yín. Mo ra bùbá fún Màmá, mo ra rédíò fún yín. Rísìkátù bá mi di báàgì, ó ń kọrin, ó ní kí n bá òun fi ọwọ́ kan ilẹ̀ Ìsẹ́yìn tí mo bá ń kọjá.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ gbéra ni àwọn tó ń yẹ ṣọ́ọ̀bù ìbọn wò ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Ọ̀gá wá ṣí ìwé àṣẹ náà, ó rí i pé orúkọ èmi nìkan ló kù níbẹ̀, torí arákùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú tèmi ti padà sí Nẹ́pààlì. Tí mo bá lọ, yàrá ọta máa wà ní títì, àkókò náà sì ni àwọn ọdẹ ń ra nǹkan jù. Ó pè mí sí ọ́fíìsì. Ìwé ìrìnnà mi wà nínú àpótí irin lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń wo àpótí náà bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ẹni náà sì ní rárá. Ó ní tí mo bá lọ láìgbàṣẹ, wọ́n á kọ̀wé pé mo sá níbi iṣẹ́, wọ́n á fagi lé físà mi, n kò sì ní lè wọ ilẹ̀ yìí mọ́. Ó ní "khalas", tó túmọ̀ sí pé ó parí. Kì í ṣe èèyàn burúkú, Bàbá. Ará Jọ́dánì ni, ó ní ìyàwó àti ọmọ lọ́hùn-ún tí òun náà kò rí. Ìwé ìrìnnà tirẹ̀ wà nínú àpótí kan náà. Nígbà tí mo mọ ìyẹn, ìbínú mi kò rí ẹni bà lé.

Abú Sálìm ti lọ nígbà náà. N kò ní ẹni tí mo lè sọ fún. Mo pe Bùrọ̀dá Wálé pé n kò lè wá mọ́, n kò sì ṣàlàyé, torí tí mo bá ṣàlàyé, mo máa sunkún, ọ̀gá sì ń dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi nígbà yẹn, Bùrọ̀dá, mo ti dárí rẹ̀ jì yín. Ẹ kò mọ̀.

Àwọn aṣàyẹ̀wò wá, wọ́n ka ọta, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo orúkọ mi, wọ́n lọ. Mo wá ń ta ọta lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan á wá, á ní òun ń lọ sí Tansaníà. Òmíràn á ní òun ń lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà. Gbogbo wọn ń lọ sí ilẹ̀ wa, Bàbá. Èmi ni mò ń di ẹrù fún wọn.

Nígbà tí Abú Sálìm dé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó rí mi lẹ́yìn tábìlì ìtajà. Ó rò pé mo ti lọ mo ti dé. Ó béèrè àlàáfíà yín. Mo ní n kò lọ. Ó wo ọ̀gá mi, ọ̀gá mi wo ilẹ̀. Ó jókòó, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, Sálìm dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n rí àwọn ẹfọ̀n náà. Sálìm ló yìnbọn, 500, ọta ba ọ̀kan lẹ́yìn, ní ikùn, ó sì wọ inú koríko. Ẹni tó ń mú wọn kiri ní ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, pé kí àwọn tètè tẹ̀ lé e. Sálìm ti ń lọ. Bàbá rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ. Gbogbo wọn bá padà sí àgọ́. Ọmọ rẹ̀ bínú, kò jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n tọpa ẹ̀jẹ̀, wọ́n rí i pé ẹran náà ti yí po bí ẹ ṣe wí, ó ti dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ipa rẹ̀ gan-an, ojú rẹ̀ sí ọ̀nà. Kò tíì kú. Ó dìde sí wọn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín kù, kò lè sáré. Abú Sálìm yin 45-70 lù ú lápá, ó fa lífà, ó tún yìn ín. Ó ṣubú. Ó ní ibi tó ṣubú sí kò jìnnà ju ibi tí òun jókòó sí lọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó wá fi ọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì yíjú sí mi.

"Sọ fún bàbá rẹ pé a dúró."

Mo ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún yín báyìí. Wọ́n dúró, Bàbá. Ọmọ tí ì bá lọ bí Bùrọ̀dá Láoyè ṣe lọ wà láyé, mo fi ojú mi rí i, ó ra bọ́ọ̀tù tuntun kó tó jáde.

Abú Sálìm tún fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Orí òkè kékeré kan ni wọ́n ti yà á. Koríko jíjó, ewé tuntun, igi òrí káàkiri, òkè aláwọ̀ eérú ní iwájú. Ó ní ẹni tó ń mú wọn kiri nawọ́ sí ẹ̀yìn òkè náà, ó ní ibẹ̀ ni Nàìjíríà, òun sì rántí mi, òun bá yà á fún mi. Mo dúpẹ́. Mo ní mo fẹ́ lọ gbé ọta wá fún oníbàárà kan. Kò sí oníbàárà kankan. Mo wọ yàrá ọta, mo ti ilẹ̀kùn irin, mo jókòó sórí páálí, mo sì sun ẹkún tí n kò lè sun lọ́jọ́ tí ẹ sọ ìtàn náà. Àjèjì lọ dé ẹ̀yìn òkè ilẹ̀ wa, èmi sì ń fi ìka na fọ́tò kí igi òrí lè tóbi sí i.

Bí ọ̀rọ̀ mi ṣe rí báyìí nìyí. Ọ̀gá ti fi orúkọ ọmọ Kẹ́ńyà kan tó wá síbi iṣẹ́ ránṣẹ́ kí wọ́n fi kún ìwé àṣẹ. Wọ́n ní ó lè tètè jáde, wọ́n ní ó lè pẹ́. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, mo sì ti sọ pé n kò ní tún un ṣe mọ́. Ọ̀gá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè lọ kí ẹni tó máa gba ipò mi tó rí àṣẹ. Abú Sálìm ti bá ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀, wọ́n fún un ní kọfí, wọ́n sì fi ẹ̀rín rán an lọ sílé. Nítorí náà n kò ní dá ọjọ́ kankan fún yín mọ́. Mo ti dá ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ rí ohun tó dà.

Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí gan-an nìyí, Bùrọ̀dá Wálé, ẹ ka ibí dáadáa. Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ojú yín ṣe. Ẹ má dúró dè mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù irin ń bà yín, mo sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ rí mi kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ yẹn kò gbọ́ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ní dúró. Ẹ̀yin lẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ọdẹ jókòó, ẹ sì mọ ìgbà tí jíjókòó ń pa ọdẹ. Ẹ jẹ́ kí Bùrọ̀dá gbé yín lọ sílé ìwòsàn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá dé tí ojú yín là, ẹ ó rí mi dáadáa. Tí mo bá sì dé tí kò là, èmi ni mo máa fa ọwọ́ yín lọ sí abẹ́ igi ìyeyè. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, mo gbà á. Ọ̀kan tí n kò lè gbà ni pé kí n jẹ́ ohun tó fọ́ ojú yín.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ọwọ́ dókítà kò ní gbọ̀n lójú yín. Màmá mi, ẹ ó jèrè gbogbo wa, ẹsẹ̀ yín á gbé yín dé ibi tó ń wù yín. Ẹ bá mi kí àwọn ọdẹ, kí wọ́n máa mójú tó ara wọn nínú koríko gíga. Ẹ kí gbogbo ará àdúgbò, ẹ kí ẹni tó bá béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni ọmọ yín,
Àsàbí, ní Satwa.